Iṣẹ́ Abẹ Nítorí Sísanra Jù: Aró Tí Dókítà Fi Ń Wo Bóyá Ẹ̀jẹ̀ Dé Ibi Tó Gé



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀ àti Èmùré máa ń bi wá lẹ́yìn àsàlátù. Ọmọ wọn tó wà ní ìlú òyìnbó, tàbí èyí tó wà ní Èkó, á pè wọ́n lórí fóònù pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí pé òun sanra jù. Á ní dókítà sọ pé àwọn yóò fa aró kan sí òun lára láti fi wo ẹ̀jẹ̀. Ọkàn ìyá kò ní balẹ̀ mọ́. Ṣé aró tí a fi ń pa aṣọ láró náà ni? Ṣé kò ní pa á? Ṣé kò ní ba àlùwàlá rẹ̀ jẹ́? A rò pé ó yẹ kí a dáhùn ní ojú ìwé yìí, nítorí ìdílé tó bá mọ ohun tí aró náà wà fún yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi dókítà, yóò sì mọ ohun tó yẹ kó máa ṣọ́ nígbà tí ẹni wọn bá padà sílé.

Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá sanra, a máa ń kí i pé ara tù ú. Ìkíni náà kò burú. Ṣùgbọ́n sísanra kan wà tó jẹ́ àìsàn, tó ń fa àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìrora orúnkún, àti kí èémí máa dá lójú oorun. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé wọ́n á wọn ènìyàn ní kílò, wọ́n á sì fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tó sì wọn kílò 103, ti kọjá 40. NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìwòsàn kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ẹni tó bá tó 40, tàbí ẹni tó bá tó 35 tó sì ní irú àìsàn tí a dárúkọ wọ̀nyí, ni a lè gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yìí yẹ̀ wò fún. Fún àwọn tó bá ti Áfíríkà ṣẹ̀ wá, wọ́n ní kí a dín 2.5 kù nínú iye náà, nítorí pé àtọ̀gbẹ máa ń tètè bá wa ju bí ó ṣe ń bá òyìnbó lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi lè gbọ́ pé òun yẹ fún iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ òyìnbó tí wọ́n jọ sanra bákan náà kò ní gbọ́ ọ.

Èyí tí wọ́n ń ṣe jù lágbàáyé báyìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve. Ẹ ronú nípa ọmọ kaṣú. Bí àpòlúkù ṣe tẹ̀ nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ kan wọnú, ẹ̀gbẹ́ kejì yọ síta. Dókítà á lu ihò kéékèèké márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ikùn, á ti kámẹ́rà àti irinṣẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, á sì gé ẹ̀gbẹ́ tó yọ síta náà kúrò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ohun tó gé yìí tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù. Ẹ̀rọ tó fi ń gé e náà ló ń fi ìṣó tín-ín-tín-ín dì í pọ̀, ìlà mẹ́ta mẹ́ta. Ohun tó ṣẹ́kù yóò rí bí ọ̀pá ìbọ tó tín-ínrín, tí kò gba ju bí àbọ̀ ife omi lọ. Oríṣi kejì ni wọ́n ń pè ní bypass. Nínú tiẹ̀, wọ́n á ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, wọ́n á gé ìfun, wọ́n á sì tún un so ní ibi méjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti wọlé nìyí. Àpòlúkù kò lè wà láàyè láìsí ẹ̀jẹ̀, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bá a sì gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé. Nígbà tí dókítà bá ń ṣe sleeve, gbogbo iṣan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta ni yóò gé, nítorí apá ibẹ̀ ló ń yọ kúrò. Ohun tó ṣẹ́kù wá gbára lé iṣan ẹ̀gbẹ́ inú nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn tó, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú àpòlúkù ju bí ó ṣe pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara mìíràn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà lókè pátápátá, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti pàdé àpòlúkù, tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ti ẹ̀gbẹ́ ìta. Ibẹ̀ gan-an ni ojú ọgbẹ́ ti sábà máa ń ṣí.

Bí ojú ọgbẹ́ bá ṣí, itọ́, omi kíkan inú àpòlúkù àti ohun tí ènìyàn mu yóò máa jò sínú ikùn. Inú yóò dọ̀tí, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gba kòkòrò. Kò wọ́pọ̀: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lè ṣe ẹnì kan sí mẹ́ta, ó sì dín sí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti mọṣẹ́ náà dunjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe lè lo oṣù púpọ̀ ní ọsibítù, ó sì lè gbẹ̀mí.

Àwọn àgbẹ̀ wa yóò tètè lóye ìṣòro tí dókítà ní. Bí a bá gé ẹ̀ka igi lónìí, ewé rẹ̀ kì í rọ lójú ẹsẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́, ó ṣì tutù, ó ṣì dúdú minimini, bí ti ẹ̀ka tó wà lórí igi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran ara. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ lè ṣì pọ́n dáadáa lójú dókítà ní wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́, kó tó di pé ó kú ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń la ikùn gbayawu, dókítà lè fi ọwọ́ kan iṣan kó mọ̀ bóyá ó ń lù. Ní báyìí tó jẹ́ pé kámẹ́rà ló fi ń ríran, ojú nìkan ló kù fún un, ojú sì máa ń tan ènìyàn jẹ.

Aró tí wọ́n ń lò fún èyí ń jẹ́ indocyanine green. Àwọn dókítà máa ń ké e kúrú sí ICG. Kì í ṣe tuntun rárá. Ilé-iṣẹ́ Kodak, àwọn tí àwọn àgbà wa mọ̀ mọ́ fíìmù fọ́tò, ló ṣe é ní ọdún 1955, àwọn dókítà ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1959. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ń wo ẹ̀dọ̀, wọ́n tún fi ń wo ẹ̀yìn ẹyin ojú, kó tó wá di ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ gbà mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn ìbéèrè ìyá tó bi wá ní tààrà: kì í ṣe aró aṣọ. Lóòótọ́, “indo” tó wà nínú orúkọ rẹ̀ bá ẹ̀lú tan, nítorí láti ara ẹ̀lú ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti fa orúkọ náà yọ ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Inú ilé-iṣẹ́ òògùn ni wọ́n ti ń pò ó, kò sí ẹran tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹranko kan nínú rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí a bá fa á sínú iṣan, yóò so mọ́ àwọn èròjà pùrótéènì inú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní jáde kúrò nínú iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ni òun náà yóò dé. Kámẹ́rà náà ń tan irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. Aró á gba ìmọ́lẹ̀ yìí, á sì dá irú mìíràn padà, tí ojú kò rí bákan náà ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà rí. Bí ó bá ṣòro láti gbà pé ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú kì í rí, ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ kọ orí rẹ̀ sí kámẹ́rà iwájú fóònù, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì kan. Ojú yín kò ní rí nǹkan kan lórí rìmóòtù náà, ṣùgbọ́n ẹ ó rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lórí fóònù. Irú ìmọ́lẹ̀ tó jọ ọ́ ni à ń wí.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn tí dókítà bá ti gé àpòlúkù tó sì ti dì í, ẹni tó ń kun ènìyàn lóorun á fa aró náà sí i. Kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan tí àpòlúkù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ a sì máa fi àwọ̀ ewé hàn án. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dé á mọ́lẹ̀. Ibi tí kò dé á ṣókùnkùn. Bí òkè bá ṣókùnkùn, dókítà lè tún ibẹ̀ gé, tàbí kó rán an lé, tàbí nínú bypass, kó tú ibi tó so kó sì tún un so síbi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Àwọn mìíràn máa ń fa á kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí wọ́n lè rí ojú ọ̀nà iṣan tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Ohun tó wúlò níbẹ̀ ni pé àtúnṣe ṣì rọrùn nígbà náà. Ènìyàn ṣì wà lójú oorun, ikùn ṣì ṣí sílẹ̀.

Àmọ́ ṣá, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé aró yìí ju bí ó ṣe tó lọ. Àwọn kan wà tí àpòlúkù wọn tàn dáadáa lójú ẹ̀rọ, síbẹ̀ tó jò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìdí ni pé kì í ṣe àìsí ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń fa jíjò. Bí ọ̀pá tó ṣẹ́kù bá tín-ínrín jù, tàbí tó lọ́, ohun mímu á há sínú rẹ̀, á máa ti ojú ọgbẹ́ láti inú. Ìṣó lè má dì dáadáa. Aró kò mọ ìwọ̀nyẹn. Bákan náà, mímọ́lẹ̀ àti ṣíṣókùnkùn jẹ́ ohun tí dókítà ń fi ojú díwọ̀n. Bí kámẹ́rà bá jìnnà jù, tàbí tí wọ́n bá pẹ́ jù kí wọ́n tó wò, ẹ̀rí rẹ̀ á yí. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí lílò rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ sísanra ló kéré ní iye ènìyàn, wọn kò sì tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá lò ó fún kò ní jò. Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn kan bá ń polówó pé àwọn ní kámẹ́rà aró, pé ewu ti tán, ẹ fura. Ní tiwa, ọwọ́ tó ti ṣe iṣẹ́ náà lọ́pọ̀ ìgbà láìsí kámẹ́rà sàn ju kámẹ́rà olówó ńlá lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Aró kejì tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn, èyí tó búlúù, methylene blue. Èyí kì í gba inú iṣan wọlé nínú iṣẹ́ yìí. Rọ́bà tí wọ́n ki gba ọ̀fun ni wọ́n ń gbà dà á sínú àpòlúkù, láti wò ó bóyá ihò wà níbì kan báyìí. Àwọn mìíràn á fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú omi, bí ẹni tó ń wá ibi tí túùbù kẹ̀kẹ́ ti lu. Aró búlúù ń béèrè pé: ǹjẹ́ ó ń jò nísinsìnyí? ICG ń béèrè pé: ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò fi ní jò lọ́la? Ìbéèrè méjì ni, ìkan kò sì lè dáhùn fún ìkejì. Gẹ́gẹ́ bí apòògùn, a fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé aró búlúù lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn kò ní èròjà G6PD tó jẹ́, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ó tún lè bá àwọn òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan jà. Ẹni tó bá ń lo irú òògùn bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n ti sọ fún rí pé òògùn kan ba ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́, kó sọ ọ́ fún dókítà láìfi pamọ́.

Ní ti ICG, iyọ̀ áyódíìnì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí áyódíìnì ti ṣe rí, tí ara rẹ̀ wú tàbí tí èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó kùn ún lóorun. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi áyódíìnì ṣe àyẹ̀wò gẹ̀gẹ̀ fún náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí aró yìí lè da èsì rú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó aró náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń yára: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Inú òróòro ló ń gbà dé inú ìfun, ó sì bá ìgbẹ́ jáde. Kì í gba inú kíndìnrín, nítorí náà kì í pa ìtọ̀ láró. Bí ẹ bá rí i tí ìtọ̀ ẹni yín di búlúù tàbí àwọ̀ ewé, aró kejì ni ẹ rí, kì í ṣe ohun ìjayà. Lúlúú ló máa ń wà nínú ìgò kékeré, mílígíráàmù 25. Omi abẹ́rẹ́ tó mọ́ tó bá a wá ni wọ́n ń fi pò ó, kì í ṣe omi oníyọ̀ tí wọ́n ń fà síni lára. Bí wọ́n bá ti pò ó, wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó láàárín wákàtí mẹ́fà. Mílígíráàmù márùn-ún tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà ń fa sí ènìyàn kan.

Ó ku ìbéèrè àlùwàlá. Aró tó wọ inú iṣan kì í ba àlùwàlá jẹ́, abẹ́rẹ́ náà kì í bà á jẹ́, àti pé nínú máásábà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ àwọn àlùfáà wa ń tẹ̀ lé, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ojú ọgbẹ́ jáde kì í bà á jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ níbẹ̀ ni oorun tí òògùn kun ènìyàn, nítorí ó ti pàdánù òye rẹ̀. Bí ó bá jí, yóò ṣe òmíràn, yóò sì fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì níbi tí omi kò gbọ́dọ̀ kàn. Bí aró bá ta sí awọ ara, kò di omi lọ́nà, bí làálì kò ṣe dì í lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ló yẹ kí a ṣọ́ra fún jù. Ẹni tí wọ́n gé àpòlúkù rẹ̀ kò lè mu ife omi lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ máa fa á díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi ara rẹ̀ á gbẹ. Kí ó má ṣe fi iṣẹ́ abẹ sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ràmádáànì bí ó bá lè sún un. Ọlọ́hun ti gba aláìsàn láyè nínú Súrátù-l-Bákárà láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn, kò sì sí ìwà akin nínú kíkọ ìyọ̀ǹda yìí sílẹ̀. Dókítà rẹ̀ àti àlùfáà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kó bi ní ìgbà tó lè gbààwẹ̀.

Kí ẹ tó san owó, ẹ bi dókítà ní iye irú iṣẹ́ yìí tó ti ṣe, àti iye tó jò nínú wọn. Dókítà gidi kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Ẹ bi í bóyá wọ́n ń lo ICG, kí ni yóò sì ṣe bí ibì kan bá ṣókùnkùn. Bí wọn kò bá lò ó, ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti jíjò wò. Ẹ gba nọ́ńbà tí ènìyàn yóò gbé lóru. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ ìdílé nínú jẹ́, pàápàá àwọn tí ẹni wọn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè nítorí owó rẹ̀ kéré níbẹ̀, tó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Jíjò kì í sábà fara hàn ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó lè di ọjọ́ karùn-ún, ó lè di ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ènìyàn ti délé, tí àwọn ará ti wá kí i kú ewu. Ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, ó lè ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan bí ó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Ìyẹn ló sábà ń ṣáájú. Ara á gbóná, òtútù á mú un, inú á máa ro ó, ìrora lè mú un ní èjìká òsì, èémí á máa yára. Ohun tí a máa ń ṣe ní àdúgbò wa ni pé a ó sọ pé ibà ni. A ó rán ọmọ lọ sí kẹ́mísì. Òògùn ibà, òògùn apakòkòrò, àti diclofenac fún ìrora. Àwa tó wà lẹ́yìn káńtà kò ní mọ̀ pé wọ́n ti gé àpòlúkù ẹni tí wọ́n ń ra òògùn fún, nítorí wọ́n ti ní kí ọmọ má sọ. Òògùn apakòkòrò lè bo ibà náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì nígbà tí inú ń bàjẹ́ lọ. Diclofenac àti ibuprofen sì ń dá egbò sí àpòlúkù tí wọ́n gé. Kódà bí àyẹ̀wò ibà bá fi hàn pé kòkòrò ibà wà, kò sọ pé àpòlúkù kò jò. Méjèèjì lè wà pọ̀.

Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí ohun mímu. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ, irú bíi ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti yunifásítì Èkìtì ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Láti Ìṣẹ̀ àti Èmùré, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ fún nọ́ọ̀sì ni pé wọ́n gé àpòlúkù rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n gé e. Kí ẹni yín tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹ rí i pé ó gba ìwé tí wọ́n kọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí, aró tí wọ́n lò àti ohun tí wọ́n rí. Ẹ tọ́jú ìwé náà sí ibi tí gbogbo ilé mọ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù ẹni méjì nínú ilé.